Àwọ̀ Tó Pamọ́ ní Sainte-Sévère

Ọkọ̀ ojú irin tó ń ti Paris lọ sí gúúsù máa ń rìn tó wákàtí méjì kó tó dé Châteauroux. Ibẹ̀ ni ẹni tó bá ń lọ sí Sainte-Sévère-sur-Indre ti ń bọ́ sílẹ̀, nítorí ojú irin kò dé abúlé náà. Mo wọ bọ́ọ̀sì láti ibẹ̀ lọ sí La Châtre. A gba ẹ̀gbẹ́ Nohant kọjá, níbi tí òǹkọ̀wé nì, George Sand, gbé títí tó fi kú ní 1876, àwọn èrò méjì tó jókòó níwájú mi sì sọ̀ níbẹ̀ tàwọn tìwé rẹ̀ lọ́wọ́. Èmi jókòó sí àyè mi. Kì í ṣe òǹkọ̀wé ni mo torí rẹ̀ wá sí agbègbè Berry, apínlẹ́tà ni.

François ni orúkọ apínlẹ́tà yìí. Inú fíìmù kan tó ń jẹ́ Jour de fête, Ọjọ́ Àríyá, ló ń gbé, Jacques Tati tó darí fíìmù náà ló sì fi ara rẹ̀ ṣe é. Sainte-Sévère ni wọ́n ti yà á ní 1947, àwọn ará abúlé náà ló sì pọ̀ jù nínú àwọn tí à ń rí nínú rẹ̀. Ó jáde ní 1949, ó gba ẹ̀bùn ìtàn tó dára jù ní àjọ̀dún sinimá Venice lọ́dún yẹn kan náà, ó sì pa àwọn ará Faransé lẹ́rìn-ín dọ́ba. Ṣùgbọ́n fíìmù dúdú-àti-funfun tí wọ́n wò ní 1949 kọ́ ni Tati ní lọ́kàn. Fíìmù aláwọ̀ ló ní lọ́kàn, ó wà nínú agolo, wọ́n ti yà á tán, kò sì sí ẹni tó lè wò ó. Ọdún 47 ló fi wà bẹ́ẹ̀. Tati ti kú, ó ti lé lọ́dún 12, kí ojú aráyé tó rí i. Ìdí nìyí tí mo fi wá: mo fẹ́ dúró níbi tí wọ́n ti ká àwọ̀ yẹn mọ́ inú fíìmù, kí n sì mọ ohun tí a pàdánù ní gbogbo ọdún tí kò fi hàn.

Ọkùnrin tó ni ilé tí mo wọ̀ sí ní La Châtre ló fi mọ́tò rẹ̀ gbé mi lọ. Ọ̀nà náà kò jìn. Pápá koríko ló wà lọ́tùn-ún lósì, igi ọgbà ni wọ́n fi pààlà oko, màlúù funfun sì wà káàkiri. Títì ń gòkè, ó ń sọ̀, ó ń yí, kò sì sí ibi tó ti tẹ́ pẹrẹsẹ pẹ́. Itan ẹni tó bá gun kẹ̀kẹ́ lórí irú ọ̀nà bẹ́ẹ̀ kò ní gbàgbé. Mo bẹ ọ̀gbẹ́ni náà pé kó rọra máa wà á, ó sì mọ ohun tí mò ń wò láìbi mí. “Agbọ́n lẹ̀ ń wá, àbí?” Ó rẹ́rìn-ín.

Gbogbo ẹni tó bá ti wo Jour de fête mọ agbọ́n náà. François ń gun kẹ̀kẹ́ bọ̀ láti ìgbèríko, agbọ́n kan wá dà á láàmú. Ẹlòmíì ì bá gbé kámẹ́rà sún mọ́ ojú rẹ̀ kí a lè rí bó ṣe ń fajú ro. Tati kò ṣe bẹ́ẹ̀. Ó gbé kámẹ́rà sórí òkè, sí ẹ̀yìn àgbẹ̀ kan tó ń gé koríko, tó fi jẹ́ pé nísàlẹ̀ lọ́hùn-ún ni a ti rí apínlẹ́tà tó ń ju apá síhìn-ín sọ́hùn-ún lórí kẹ̀kẹ́. Agbọ́n kò hàn rárá. Ìró rẹ̀ nìkan ni à ń gbọ́. Àgbẹ̀ dúró, ó ń wo ọkùnrin tí orí rẹ̀ dà bíi pé ó ti yí. Kò pẹ́, ìró yẹn bẹ̀rẹ̀ sí í gòkè bọ̀, ara François balẹ̀, àgbẹ̀ ló wá ń ju apá. Agbọ́n tún sọ̀ kalẹ̀ lọ bá apínlẹ́tà. Ẹnikẹ́ni kò sọ̀rọ̀. Àwòrán kan, ìró kan, èèyàn méjì tí òkè àti pẹ̀tẹ́lẹ̀ wà láàárín wọn ń jó ijó kan náà.

Mo pẹ́ lórí ọ̀rọ̀ agbọ́n yìí nítorí pé inú rẹ̀ ni gbogbo ọgbọ́n Tati wà. Òun kì í nàka sí ohun tí yóò pa wá lẹ́rìn-ín. Ó máa ń tẹ́ àwòrán tó fẹ̀ síwájú wa, á kó èèyàn, ẹran, mọ́tò àti ilé sínú rẹ̀, á wá fi wá sílẹ̀ kí ojú wa máa wá a kiri. Níbi tó bá sì ti jẹ́ pé ojú ló ń wá nǹkan, àwọ̀ kì í ṣe ọ̀ṣọ́. Àwọ̀ ló ń mú ojú lọ́wọ́ tó ń fà á lọ síbi tó yẹ kó lọ.

Abúlé náà jókòó sórí òkè, odò Indre ń ṣàn lábẹ́ rẹ̀, àwọn tó ń gbé ibẹ̀ kò sì tó 1000. Àwókù ilé odi kan wà níbẹ̀ tí àwọn olùfẹ́ ìtàn máa ń lọ wò. Ní 1372, ọ̀gágun Faransé nì, Bertrand du Guesclin, gba odi náà padà lọ́wọ́ àwọn Gẹ̀ẹ́sì. N kò pẹ́ níbẹ̀. Ojúde ni ẹsẹ̀ mi ń sáré lọ, nítorí ojúde ni fíìmù náà ń gbé.

Mo dá a mọ̀ lójú ẹsẹ̀. Ilé ọjà tí kò ní ògiri, tí òpó igi gbé òrùlé rẹ̀ dúró láti ọ̀rúndún 17, ṣì wà ní ipò rẹ̀. Àwọn ilé tó yí ojúde ká ṣì dúró bí wọ́n ṣe dúró ní 1947, fèrèsé onígi, ògiri òkúta, ilẹ̀kùn tó ṣí sí ìta gbangba. Mo rìn yí i ká, mo tún rìn yí i ká. Ibí yìí ni wọ́n ti gbìyànjú láti gbé òpó àsíá nàró, tí François sọ ara rẹ̀ di ọ̀gá iṣẹ́, tó ń pàṣẹ fún àwọn tó ń fa okùn, tí òpó sì ń fì sọ́tùn-ún fì sósì lórí àwọn èèyàn títí gbogbo wọn fi túká. Ibí yìí ni àwọn tó ń gbé eré kiri ti tú ẹrù wọn: ẹṣin onígi tí ń yí bírípó, àgọ́, ibi tí wọ́n ti ń ta tẹ́tẹ́, àgọ́ sinimá. Wọ́n wọ abúlé bí ẹgbẹ́ alárìnjó ṣe máa ń wọ ìlú nígbà kan rí, tọkọ̀ tẹrù, ọmọ kékeré kan ń sáré tẹ̀ lé orí ẹṣin onígi tó yọ lẹ́yìn ọkọ̀. Lọ́jọ́ kejì, wọ́n di ẹrù, wọ́n lọ. Ìtàn náà kò jù bẹ́ẹ̀ lọ: àríyá dé, àríyá lọ.

Láàárín méjèèjì ni wàhálà François bẹ̀rẹ̀. Nínú àgọ́ sinimá, wọ́n fi fíìmù kan hàn nípa àwọn apínlẹ́tà Amẹ́ríkà, tí hẹlikọ́pítà ń bá wọn gbé lẹ́tà, tí wọ́n ń fi alùpùpù la iná kọjá. Faransé ọdún 1947 kò tíì bọ́ lọ́wọ́ ogun tán. Ọ̀rọ̀ Amẹ́ríkà ló wà lẹ́nu gbogbo èèyàn. Sójà wọn ló bá wọn lé Jámánì jáde, fíìmù wọn ló sì kún sinimá. Àwọn ará abúlé fi François ṣe yẹ̀yẹ́, wọ́n rọ ọtí fún un. Ilẹ̀ ọjọ́ kejì mọ́, ó gun kẹ̀kẹ́, ó ní òun yóò pín lẹ́tà bíi ti Amẹ́ríkà. Ó di ẹ̀yìn lọ́rì mú, ó sọ pákó ẹ̀yìn rẹ̀ di tábìlì, ó sì ń lu òǹtẹ̀ mọ́ lẹ́tà lórí eré. Ó sáré kọjá àwọn tó ń fi kẹ̀kẹ́ díje. Ó gbé ìdì bàtà sílẹ̀ lórí pákó alápatà, àdá alápatà sì balẹ̀ lé e. Nígbẹ̀yìn, òun àti kẹ̀kẹ́ rẹ̀ wọ odò lọ. Ìyá arúgbó olówúrẹ́ kan, tó ti ń ṣàlàyé ohun gbogbo fún wa láti ìbẹ̀rẹ̀, ló gbé e padà, François sì lọ bá àwọn àgbẹ̀ kó koríko. Ọmọdékùnrin náà ló gba àpò lẹ́tà lọ́wọ́ rẹ̀, tó ń bá a pín in.

Ọkùnrin tó ṣe gbogbo èyí ga fíofío. Wọ́n bí i ní 1907 ní Le Pecq, nítòsí Paris, Jacques Tatischeff ni orúkọ àbísọ rẹ̀. Ará Rọ́ṣíà ni bàbá bàbá rẹ̀. Iṣẹ́ fírémù àwòrán ni wọ́n ń ṣe nínú ẹbí, òun náà sì kọ́ ọ. Rọ́gbì tó ń gbá ló sọ ọ́ di aláwàdà, nítorí lẹ́yìn ìdíje ló máa ń sín àwọn eléré jẹ fún àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀, kó tó gbé e lọ sórí ìtàgé. Ogun ló sì mú un mọ Sainte-Sévère. Ní 1943, nígbà tí àwọn Jámánì ń kó ọ̀dọ́kùnrin Faransé lọ ṣiṣẹ́ tipátipá, òun àti ọ̀rẹ́ rẹ̀, Henri Marquet, wá sá pamọ́ sí abà kan tó ń jẹ́ Le Marembert, nítòsí abúlé yìí. Àwọn ará ibẹ̀ gbà wọ́n. Nígbà tí ogun parí, tó wá ní owó díẹ̀ láti ṣe fíìmù gígùn rẹ̀ àkọ́kọ́ pẹ̀lú Fred Orain, Tati kò wá abúlé mìíràn. Ọ̀dọ̀ àwọn tó gbà á ló padà sí, ó sì ní kí wọ́n wá bá òun ṣe é.

Mo gbà gbọ́ pé bẹ́ẹ̀ ni àwọ̀ ṣe wọ inú ọ̀rọ̀ náà. Abúlé tó mọ̀ nígbà ogun kò ní àwọ̀ púpọ̀. Òkúta, igi, aṣọ iṣẹ́. Tati kò fẹ́ fi fíìmù aláwọ̀ ṣe ẹwà lásán, ìtàn ló fẹ́ fi sọ. Ó ní kí wọ́n kun ilẹ̀kùn àwọn ilé ní àwọ̀ eérú, kí àwọn ará abúlé wọ aṣọ dúdú àti aṣọ tó ṣú. Tó bá wá di pé ọkọ̀ àwọn tó ń gbé eré kiri wọ ojúde, àwọn ni yóò gbé àwọ̀ dé: ẹṣin onígi, àsíá, aṣọ àgọ́, ìwé tí wọ́n lẹ̀ mógiri. Tí wọ́n bá lọ, àwọ̀ á bá wọn lọ. Mo dúró sábẹ́ òrùlé ọjà, mo ń wo ògiri òkúta tó yí mi ká, ohun tó fẹ́ ṣe sì yé mi ju bó ṣe yé mi nínú gbogbo ìwé tí mo ti kà nípa rẹ̀ lọ. Ojúde náà dákẹ́ lójú. Nǹkan pupa kan ṣoṣo tó bá dé ibẹ̀, gbogbo ojú ni yóò yí sí i.

Technicolor ti Amẹ́ríkà wọ́n, kámẹ́rà rẹ̀ sì wúwo. Ilé iṣẹ́ Thomson ní Faransé ní ọ̀nà tiwọn, Thomson-color, tí wọ́n fẹ́ gbé jáde, Tati sì gbà láti fi fíìmù rẹ̀ ṣe é. Bí ọ̀nà náà ṣe ń ṣiṣẹ́ nìyí. Wọ́n tẹ ìlà wẹ́wẹ́ sí ẹ̀yìn fíìmù, àwọn ìlà tó yọ sókè, tí wọ́n tẹ́ẹ́rẹ́ débi pé ojú lásán kò lè kà wọ́n. Ìlà kọ̀ọ̀kan jẹ́ lẹ́ǹsì kékeré. Wọ́n wá fi gíláàsì aláwọ̀ mẹ́ta, pupa, àwọ̀ ewé àti àwọ̀ aró, sí lẹ́ǹsì kámẹ́rà. Ìmọ́lẹ̀ tó bá gba inú gíláàsì yìí wọlé, àwọn lẹ́ǹsì wẹ́wẹ́ yẹn á pín in sọ́nà mẹ́ta, wọ́n á tẹ́ ẹ sẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn lórí fíìmù. Fíìmù ọ̀hún fúnra rẹ̀, dúdú àti funfun ni. Ẹni tó bá gbé e sókè sí oòrùn, eérú ló máa rí. Àwọ̀ wà níbẹ̀, ó pé pérépéré, ṣùgbọ́n ètò ìlà wẹ́wẹ́ ló pamọ́ sí. Àfi tí irú gíláàsì aláwọ̀ mẹ́ta yẹn bá tún wà lójú ẹ̀rọ tó ń tan fíìmù sára aṣọ ni àwọ̀ yóò tó yọ.

Yíyà rẹ̀ ṣeé ṣe. Ẹ̀dà rẹ̀ ni kò ṣeé ṣe. Fíìmù kan ṣoṣo kò lè bọ́ gbogbo sinimá Faransé. Wọ́n ní láti tẹ ẹ̀dà lọ́pọ̀, ìlà wẹ́wẹ́ tó wà lára èyí tí wọ́n yà sì gbọ́dọ̀ bára mu pẹ̀lú ìlà tó wà lára ẹ̀dà, láìyẹ̀ rárá. Ilé iṣẹ́ náà kò rí i ṣe. Ohun tí wọ́n fi gbogbo ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn ọdún 1947 yà di ohun tí kò sí ẹni tó lè tẹ̀ jáde.

Ohun tó gba fíìmù náà là ni kámẹ́rà kejì. Láti ìbẹ̀rẹ̀ iṣẹ́, wọ́n gbé kámẹ́rà dúdú-àti-funfun kan sẹ́gbẹ̀ẹ́ èyí tó ń ya àwọ̀, bí ẹ̀rọ tuntun náà bá lọ kùnà. Ó kùnà lóòótọ́, àwòrán kámẹ́rà kejì ni Tati sì fi tò Jour de fête tí ayé mọ̀. Ilẹ̀kùn eérú wá bá ojúde eérú, aṣọ dúdú bá ẹṣin onígi tó dúdú. Àwàdà rẹ̀ kò bàjẹ́. Àwọn èèyàn rẹ́rìn-ín, wọ́n sì ń rẹ́rìn-ín títí di òní. Ṣùgbọ́n ohun tí abúlé náà wọ aṣọ dúdú tìtorí rẹ̀ ti sọ nù.

Ọ̀rọ̀ náà kò kúrò lọ́kàn Tati. Ní 1964, ó padà sí Sainte-Sévère, ó ya àfikún kan, nínú èyí tí ọ̀dọ́mọdé olùyàwòrán kan wá ń kun àwòrán abúlé náà, ó sì ní kí wọ́n fi ọwọ́ kun àwọ̀ sí àsíá àti àwọn nǹkan wẹ́wẹ́ kan nínú fíìmù dúdú-àti-funfun. Mo ti wo èyí náà. Ó dùn mí ju bó ṣe pa mí lẹ́rìn-ín lọ. Ọkùnrin tó ti rí gbogbo ojúde náà nínú àwọ̀, tó mọ̀ pé ó wà nínú agolo kan níbì kan, ló wá ń fi búrọ́ọ̀ṣì tọ́ ọ padà ní ẹyọ kọ̀ọ̀kan. Lẹ́yìn náà ni Playtime dé ní 1967, fíìmù ńlá tó kọ́ odidi ìlú kan fún, gbèsè rẹ̀ sì wó o mọ́lẹ̀ débi pé àwọn fíìmù rẹ̀ bọ́ kúrò lọ́wọ́ rẹ̀. Ó kú ní 1982.

Ọmọ rẹ̀ obìnrin, Sophie Tatischeff, ló gba iṣẹ́ náà lọ́wọ́ òkú. Iṣẹ́ títo fíìmù ni òun náà ń ṣe, nítorí náà ó mọ ohun tó wà níwájú òun. Òun àti François Ede, ayàwòrán sinimá, ni wọ́n jọ dojú kọ ọ́. Ọ̀pọ̀ ọdún ni wọ́n fi ṣe é. Àwọn tó dá ọ̀nà Thomson-color sílẹ̀ ti tú ká tipẹ́, ẹ̀rọ rẹ̀ kò sí mọ́, ìwọ̀nba ìmọ̀ tó kù nípa rẹ̀ sì wà káàkiri. Wọ́n ní láti ṣe ẹ̀rọ tí yóò gba fíìmù ìgbà náà, tí yóò wo inú lẹ́ǹsì wẹ́wẹ́ rẹ̀, tí yóò fa àwọ̀ mẹ́ta náà yọ nínú àwòrán kọ̀ọ̀kan, tí yóò sì pa wọ́n pọ̀ sórí fíìmù aláwọ̀ ti òde òní. Ẹ rántí pé àwòrán 24 ló ń kọjá lójú wa ní ìṣẹ́jú àáyá kan nínú sinimá. Fíìmù tó ti pẹ́ nínú agolo sì máa ń sún kì, kì í dúró gbọn-in bíi ti ọjọ́ tó jáde.

Ibẹ̀ kọ́ ni wàhálà tán. Kámẹ́rà méjì tó dúró sẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn kì í fi ojú kan náà wo nǹkan. Èyí tó wà lósì rí ohun tó yàtọ̀ díẹ̀ sí ti ọ̀tún. Sophie ní láti gbé ti àwọ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ ti 1949, kó máa wá ibi tí wọ́n ti pàdé, kó máa tò ó ní àtòtẹ̀lé tí bàbá rẹ̀ fọwọ́ sí. Tati kì í sì í ṣe ẹni tó rọrùn láti tọ ipa rẹ̀, nítorí kì í fi fíìmù sílẹ̀ bó bá ti jáde. Les Vacances de Monsieur Hulot tó jáde ní 1953 ṣì wà lọ́wọ́ rẹ̀ ní 1978 tó ń fi nǹkan kún un. Ẹni tó bá ń tún iṣẹ́ irú bàbá bẹ́ẹ̀ ṣe lè sọ pé òun náà láṣẹ láti fi kún un. Ohun tó wú mi lórí jù nínú iṣẹ́ Sophie ni pé àwòrán tó wà nínú agolo ló fẹ́ kí a rí. Ní oṣù kìíní ọdún 1995, ojú aráyé rí i.

Wọ́n ṣe ilé kan fún ìrántí fíìmù náà ní abúlé náà, Maison de Jour de fête, tí wọ́n ṣí ní 2009. Èèyàn á wọlé, á máa ti yàrá dé yàrá, àwòrán, ìró àti ìmọ́lẹ̀ á sì máa sọ ìtàn abúlé lẹ́yìn ogun àti bí wọ́n ṣe ya fíìmù náà. Mo gbádùn rẹ̀, ṣùgbọ́n ohun tí mo gbọ́ lẹ́nu ìyá kan tó jókòó sítòsí ojúde ló gbé mi lọ́kàn jù. Mo kí i, ó bi mí ibi tí mo ti wá, mo ní Nàìjíríà. Ẹnu yà á díẹ̀ pé apínlẹ́tà àwọn dé ọ̀hún.

“Ẹ̀yin tí ẹ ti òkèèrè wá,” ó ní, “Tati lẹ máa ń wò. Àwa kì í wo Tati. Ojú àwọn èèyàn wa là ń wá.”

Mo bi í pé èwo ló fẹ́ràn, ti 1949 ni tàbí ti àwọ̀. Kò ronú lé e lórí. Ó ní ti àtijọ́ ló ń pa òun lẹ́rìn-ín jù, ti àwọ̀ ló dà bíi pé òun lè na ọwọ́ bà wọ́n. Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀, mo sì lọ jókòó síbi tí mo ti lè kọ ọ̀rọ̀ náà sílẹ̀ kí n má baà gbàgbé rẹ̀, nítorí ó ti sọ ohun tí mo wá kiri.

Àwọn kan wà nínú àwọn olólùfẹ́ sinimá tí wọ́n ní kò yẹ kí wọ́n tú àwọ̀ náà síta, pé ti 1949 ni Tati fọwọ́ sí, òun náà ló sì yẹ kó dúró. N kò bá wọn gbà. Tati kò yan dúdú àti funfun. Ẹ̀rọ tó kùnà ló yàn án fún un. Mo gbà pé àwọ̀ 1995 kò mọ́ gaara. Ó rọ̀, ó ṣá díẹ̀, kò tàn yòò bíi Technicolor, ìlà wẹ́wẹ́ yẹn sì máa ń fẹ́ hàn lójú òfuurufú. Èyí kò dín in kù lójú mi. Aró aṣọ àgbẹ̀ nínú rẹ̀ jẹ́ aró tí oòrùn ti pa. Pupa tó wà lára ẹṣin onígi jẹ́ pupa ọ̀dà tí wọ́n ti ń gbé láti abúlé dé abúlé. Nígbà tí òpó yẹn nàró tán, tí àsíá Faransé sì fẹ́ lójúde tí gbogbo ilẹ̀kùn rẹ̀ ṣú, a rí i pé orílẹ̀-èdè tó jáde nínú ogun ló gbé àsíá rẹ̀ sókè. Nínú ti 1949, òpó tó fẹ́ wó lu èèyàn ni à ń wò. Nínú ti 1995, à ń wo òpó, a sì ń wo ohun tó wà lórí rẹ̀.

Ìparí rẹ̀ ló yàtọ̀ jù. Nínú dúdú àti funfun, ọkọ̀ àwọn tó ń gbé eré kiri jáde ní abúlé, ọmọdékùnrin náà sáré tẹ̀ lé ẹṣin onígi, ó tán. Ó dùn-ún wò. Nínú ti àwọ̀, bí ọkọ̀ náà ṣe ń lọ ni àwọ̀ ń tán lójúde, tí òkúta, ilẹ̀kùn eérú àti aṣọ iṣẹ́ tún gba ipò wọn, a sì wá mọ ìdí tí ọmọ náà fi ń sáré. Láàárín abúlé yẹn, òun nìkan ni kò gbà kó lọ bẹ́ẹ̀. Fíìmù tí mo ti wò láìmọye ìgbà bí àwàdà apínlẹ́tà di fíìmù ọmọ yẹn lójú mi.

Ọ̀gbẹ́ni tó gbé mi wá padà wá mú mi kí oòrùn tó wọ̀, ó sì mọ̀ọ́mọ̀ gba ọ̀nà tó gùn jù kí n lè rí odò náà. Odò kékeré ni, omi rẹ̀ mọ́, èèyàn lè bẹ̀rẹ̀ sí í gun kẹ̀kẹ́ láti orí òkè kó sì wọnú rẹ̀ gan-an bó bá sáré bíi ti Amẹ́ríkà. A sọ̀rọ̀ Tati títí a fi dé La Châtre. Òun ní ti 1949 ni kí èèyàn wò, ó tán. Èmi ní kí ẹni tí kò tíì wo ìkankan bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú ti 1949 lóòótọ́, láàárín èrò, kó rẹ́rìn-ín tẹ́rùn. Lọ́jọ́ kejì kó wo ti 1995, kó jókòó sún mọ́ iwájú, kó má sì wo apínlẹ́tà níbẹ̀rẹ̀ rárá. Kó kọ́kọ́ wo ilẹ̀kùn àwọn ilé.